Níbo Ni Èéfín Bọ́ílà Ń Gbà Jáde?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ òtútù, ẹni tó bá ń rìn lọ sí ibùdókọ̀ ní Peckham, ní Dagenham tàbí ní Manchester á rí i bí ooru funfun ṣe ń tú jáde lára ògiri ilé lọ́tùn-ún lósì. Ẹnu páìpù kékeré kan ló ti ń jáde, páìpù dúdú tàbí funfun tí ìbú rẹ̀ jẹ́ bíi 100 mm, tó yọrí síta díẹ̀ nítòsí fèrèsé ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò bèèrè rí ohun tí páìpù náà wà fún. Bọ́ílà ni wọ́n mọ̀: òun ló ń mú ilé gbóná, òun ló ń gbé omi gbígbóná wá sí balùwẹ̀, òun náà ni wọ́n ń ṣépè fún nígbà tí owó gáàsì bá dé. Páìpù tó ń kó èéfín rẹ̀ jáde kò sí nínú ọ̀rọ̀ ilé rárá, àfi ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ bọ́ílà kì í dédé pa ènìyàn. Kí gáàsì olóró tó lè dé imú ẹni tó sùn, ọ̀nà èéfín ti ní láti dí, tàbí kó ti já, tàbí kí wọ́n ti gbé ẹnu rẹ̀ síbi tí kò yẹ, tàbí kí àpótí bọ́ílà fúnra rẹ̀ ti là. Láti ìgbà tí àwọn ará ìlú Ọba ti ń dáná sínú ilé ni wọ́n ti ń tún ọ̀nà yìí ṣe, òfin sì ń tẹ̀ lé òfin. Lójú tèmi, ohun kan ló ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú gbogbo rẹ̀: bí wọ́n bá ti mú ewu tó wà lójú táyé kúrò, òmíràn á lọ fara pamọ́ síbi tí ojú kò tó.

Inú iná gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Gáàsì tó ń wọ ilé wọn lónìí, mẹ́téènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí kúbíìkì mítà kan nínú rẹ̀ tó lè jó tán, ó nílò afẹ́fẹ́ bíi kúbíìkì mítà mẹ́wàá. Bó bá rí i tó, ohun tó máa kù lẹ́yìn ooru kò ju kábọ́nì dáyọ́ksáìdì àti omi lọ. Omi náà kì í sì í ṣe kékeré. Ó lé ní lítà kan àtààbọ̀ lórí kúbíìkì mítà gáàsì kan, àmọ́ ooru ló jẹ́ nígbà tó ń jáde, òun sì ni funfun tí à ń rí lára ògiri. Funfun yẹn kọ́ ni apani. Apani kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í mú ni húkọ́. Kábọ́nì mónọ́ksáìdì lorúkọ rẹ̀, ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò bá tó iná ló máa ń pọ̀.

Ohun tó ń ṣe nínú ara rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti wọ dánfó rí. Ẹ̀jẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Mónọ́ksáìdì máa ń sáré gba ìjókòó ọ́síjìn, ó fi bí ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lágbára jù ú láti dì í mú, bó bá sì ti jókòó, kì í fẹ́ sọ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò gbé nǹkan tó wúlò dé ọpọlọ. Ara á kọ́kọ́ ṣe ẹni náà bí ìgbà tí ibà ń bọ̀: orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ó sì máa rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ara rẹ̀ kì í gbóná. Bó bá jáde nílé, ara á fúyẹ́. Bó bá padà wọlé, ó tún di bákan náà. Bí gbogbo ará ilé bá sì ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má wulẹ̀ wá oògùn ibà kiri, kí wọ́n jáde síta.

John Scott Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Scotland, fa gáàsì yìí símú fúnra rẹ̀ ní àwọn ọdún 1890 kó lè kọ ohun tó ń ṣe fún ara sílẹ̀. Òun ló dábàá pé kí àwọn awakùsà máa gbé ẹyẹ kékeré wọ inú ihò èédú, nítorí ara ẹyẹ máa ń tètè gbà á ju ti ènìyàn lọ. Ó di òpin ọdún 1986 kí wọ́n tó kéde pé ẹ̀rọ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹ ní àwọn ibi ìwakùsà ìlú Ọba. Ní Paris, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1902, òǹkọ̀wé ńlá nì, Émile Zola, sùn sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú iná nínú ibi ìyáná. Ihò èéfín yàrá náà ti dí. Ìyàwó rẹ̀ là á já, òun kò là á. Títí dòní ni àwọn kan ṣì ń sọ pé ọ̀tá ló mọ̀ọ́mọ̀ dí ihò náà nítorí ẹjọ́ ńlá kan tó dá sí.

Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Gáàsì kan náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ pé ìdílé kan gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rídọ̀ nítorí olè, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n sùn, ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣílẹ̀kùn. Àdúgbò á ní ayé ló ṣe wọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ó ń rú èéfín. Bọ́ílà dákẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó funfun báláú, kò jọ ohun tí iná wà nínú rẹ̀.

Bọ́ílà àtijọ́ gbẹ́kẹ̀ lé ihò èéfín orí òrùlé. Kò sí fáànù, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ti èéfín. Èéfín gbígbóná fúyẹ́, ó ń gòkè fúnra rẹ̀, bó sì ti ń gòkè ló ń fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gíga ihò náà àti bí inú rẹ̀ ṣe gbóná ju ìta lọ ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí inú ihò bá tutù, tàbí afẹ́fẹ́ ìta bá ń ṣubú lu ẹnu rẹ̀ láti orí ilé gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èéfín á padà sẹ́yìn. Ẹyẹ kan sì wà ní ìlú Ọba, ẹbí kannakánná ni, tó fẹ́ràn láti máa kó igi jọ sínú ihò èéfín láti fi ṣe ìtẹ́. Igi kan á bọ́, òmíràn á há, kó tó pẹ́, ihò ti dí pátápátá.

Wàhálà tó ju ti ẹyẹ lọ ni ti afẹ́fẹ́. Inú yàrá ni irú bọ́ílà bẹ́ẹ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ tó fi ń jó. Nítorí náà, ihò mìíràn gbọ́dọ̀ wà lára ògiri tí afẹ́fẹ́ ìta á máa gbà wọlé, ihò tí kò ní ìlẹ̀kùn, tó wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru. Nígbà òtútù, ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé. Kí ni onílé máa ṣe? Á ká ìwé ìròyìn, á fi há a. Á fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Á gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i. Kò sí ẹni tó ṣe èyí láti fi pa ara rẹ̀. Òtútù ló ń lé. Ṣùgbọ́n iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó kò ní kú, ń ṣe ló máa jó burúkú. Ọwọ́ iná tó yẹ kó jẹ́ búlúù á di pupa rẹ́súrẹ́sú, àbàwọ́n dúdú á máa hàn lára bọ́ílà, omi á máa sẹ̀ sára gíláàsì fèrèsé.

Bí ẹnjiníà tó mọṣẹ́ ṣe ń yẹ irú bọ́ílà yìí wò tọ́ sí kí ènìyàn dúró wò. Á ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Á tan fáànù tó ń fa òórùn ọbẹ̀ jáde nínú ilé ìdáná, kó fi wò ó bóyá fáànù yẹn lágbára ju ihò èéfín lọ. Á tan bọ́ílà, á fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí inú ihò lè gbóná. Lẹ́yìn náà, á ṣá ìṣáná kan tó ń rú èéfín funfun, á gbé e sẹ́bàá etí ibi tí bọ́ílà ti ń tú èéfín sínú ihò. Bí èéfín ìṣáná bá tẹ̀ síwájú, tó wọnú ihò lọ, ó dáa. Bó bá yí padà tó kọjú sí yàrá, ọ̀rọ̀ ti parí: á pa gáàsì, á lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà wà lóde òní, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó fi òtítọ́ han onílé kíákíá bí èéfín ìṣáná yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ihò èéfín orí òrùlé ní ìṣòro mìíràn tí mo kà sí èyí tó ń ṣe ni láàánú jù, nítorí ẹni tó bá a pàdé kò ṣe ohun búburú kankan. Nínú àjàalẹ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀, bọ́ílà àti ẹ̀rọ agbómigbóná máa ń pín ihò kan náà lò. Onílé á wá ra bọ́ílà tuntun tí kì í fi gáàsì ṣòfò, èyí tí èéfín rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè fi páìpù ike gbé e gba ara ògiri jáde. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rọ agbómigbóná ló ṣẹ́ kù nídìí ihò ńlá náà, òun nìkan. Ooru rẹ̀ kò tó láti mú ihò tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ méjì gbóná. Èéfín á gòkè díẹ̀, á tutù, á dúró, á sì yí padà sínú àjàalẹ̀. Omi inú rẹ̀ á máa jẹ bíríkì láti inú. Àwọn oníṣẹ́ níbẹ̀ ní ẹ̀rọ náà ti di ọmọ òrukàn. Wọ́n lè fi páìpù irin tín-ín-rín gba inú ihò náà kọjá kó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ta bọ́ílà tuntun ló yẹ kó sọ èyí kó tó gbowó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìlú Ọba gba ọ̀nà mìíràn, mo sì gbà pé òun ni àtúnṣe tó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí: páìpù inú páìpù. Páìpù ti inú ń kó èéfín jáde, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ti ìta ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, bọ́ílà sì wà nínú àpótí tí wọ́n fi rọ́bà dí mọ́ yàrá pátápátá. Kò gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ará ilé, kò sì tú nǹkan kan sí wọn lára. Ìjì ìta kò rí i bì ṣubú, nítorí ibì kan náà ni ẹnu méjèèjì wà, bó ṣe ń ti ọ̀kan náà ló ń ti èkejì. Lẹ́yìn èyí ni fáànù wọ inú rẹ̀. Ihò tí onílé ń fi ìwé há kò pọn dandan fún bọ́ílà mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí èéfín ń gba orí òrùlé jáde, ó ga ju orí gbogbo ènìyàn lọ. Ní báyìí, ó wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lójú ọ̀nà, nítòsí aládùúgbò. Ìdí nìyí tí ìwé ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní Approved Document J, fi kún fún ìwọ̀n. Fún bọ́ílà onífáànù, ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ jìnnà tó 300 mm sí fèrèsé tó ń ṣí, ì báà jẹ́ lókè, nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ga tó 300 mm sí ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi 200 mm rẹlẹ̀ sí ètè òrùlé. Bó bá kọjú sí ògiri tàbí ààlà ilé ẹlòmíràn, 600 mm ló kéré jù. Bó bá kọjú sí ẹnu páìpù bọ́ílà mìíràn, 1200 mm, kí ọ̀kan má baà máa fa èéfín èkejì wọlé. Bó bá wà níbi tí ọwọ́ ènìyàn lè kàn án, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àwọ̀n irin bò ó. Olùpèsè bọ́ílà náà lè ní ìwọ̀n tirẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Kò sí ọ̀kan nínú nọ́ńbà wọ̀nyí tí mo fẹ́ bá jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ tí wọ́n gbé bọ́ílà síbẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń ka ìwọ̀n náà sí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n á fẹ́ fi yàrá onígíláàsì kún ẹ̀yìn ilé kí wọ́n lè máa jókòó wo ọgbà. Bíríkìlà á dé, á kọ́lé yí ẹnu páìpù ká. Páìpù tó ń tú èéfín síta lánàá ti ń tú u sínú pálọ̀ tuntun lónìí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan bọ́ílà. Àwọn mìíràn á kàn kan àtíbàbà mọ́ ògiri láti máa kó kẹ̀kẹ́ àti aṣọ tútù sí. Èyí náà tó.

Àtúnṣe kejì wá láti ọwọ́ ìjọba. Láti oṣù kẹrin ọdún 2005, òfin ìkọ́lé ní England àti Wales sọ pé bọ́ílà gáàsì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń gba ooru tó wà nínú èéfín padà títí omi inú rẹ̀ á fi sẹ̀, àfi níbi tí kò bá ṣe é ṣe rárá. Ní bíi 55 °C sísàlẹ̀ ni omi náà ti ń sẹ̀. Owó gáàsì dínkù. Èéfín tutù. Àmọ́ omi dé, omi náà sì ní ásíìdì díẹ̀ nínú.

Omi yìí yí iṣẹ́ páìpù padà. Páìpù èéfín gbọ́dọ̀ dà sẹ́yìn, kó rọra ga síwájú bó ṣe ń lọ síta, bíi 50 mm lórí mítà kan, kí omi lè ṣàn padà sínú bọ́ílà, kó sì gba ibi tí wọ́n ṣe fún un lọ sínú kọ̀tà. Òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ti àtijọ́ lè ṣe é ní òdìkejì, kó jẹ́ kó dà síta nítorí òjò. Ẹ wo ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa: ẹ óò rí àbàwọ́n funfun tó ń ṣàn wálẹ̀ lára bíríkì láti ẹnu páìpù. Bí yìnyín bá sì bọ́, omi tó ń kán sílẹ̀ ti di gíláàsì tó ń yọ̀ lójú ọ̀nà.

Páìpù ike kékeré tó ń gbé omi náà lọ ní ìyọnu tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e gba ìta, ó ń dì. Òtútù oṣù Kejìlá ọdún 2010 dá bọ́ílà púpọ̀ dúró báyìí ní ìlú Ọba, lọ́jọ́ gan-an tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Bọ́ílà á máa pariwo gurugúrú bí ẹni tí omi há lọ́fun, nọ́ńbà á yọ lójú rẹ̀, á kú. Ọ̀pọ̀ ló pe oníṣẹ́ tí wọ́n sì sanwó fún ohun tí kẹ́tù omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lè ṣe: ẹ da omi náà sórí páìpù ike níta, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni o, kì í ṣe èyí tó ń hó, kí páìpù má baà bẹ́. Èyí tó sàn ju gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n gbé páìpù náà gba inú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣe é ṣe, kó fẹ̀ tó 32 mm ó kéré tán níta, kí wọ́n sì fi fóòmù wé e.

Ní ti ooru funfun tó ń fẹ́ sí aládùúgbò lójú, mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní omi lásán ni. Omi ni lóòótọ́. Àmọ́ ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tí kò funfun, bó bá sì ń wọ fèrèsé ẹni, ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Páìpù kékeré wà tí wọ́n lè fi gbé ẹnu rẹ̀ lọ sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọrùn ju kí ènìyàn méjì má kí ara wọn mọ́.

Mo ní ewu máa ń lọ fara pamọ́. Ibi tó pamọ́ sí jù ni òkè sílíǹgì àwọn fúláàtì tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 2000 síwájú. Nítorí pé fáànù lè ti èéfín lọ jìnnà, ayàwòrán ilé kò nílò láti fi bọ́ílà sára ògiri ìta mọ́. Wọ́n gbé e sí àárín ilé, wọ́n fi páìpù gígùn gba inú àlàfo òkè yàrá, nígbà mìíràn ó gba òkè yàrá ẹlòmíràn, wọ́n sì fi pákó sílíǹgì bò ó mọ́lẹ̀. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ègé ègé ni páìpù náà, wọ́n so wọ́n pọ̀. Bí wọn kò bá fi irin gbé e ró dáadáa, á tẹ̀, ojú ìsopọ̀ kan á yẹ̀, èéfín á sì máa tú sínú àlàfo náà. Ẹnjiníà á dé lọ́dọọdún, á wo bọ́ílà, á wo ẹnu páìpù níta, kò ní rí ohun tó wà láàárín. Ní ọdún 2008, ọ̀dọ́mọbìnrin kan kú nínú irú fúláàtì bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013 ni ìlànà ti le. Ihò àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wà lára sílíǹgì, tó fẹ̀ tó 300 mm níhà méjèèjì, kó sì má sí ojú ìsopọ̀ páìpù tó jìnnà ju mítà kan àtààbọ̀ lọ sí ihò àyẹ̀wò tó sún mọ́ ọn jù. Níbi tí kò bá sí, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bọ́ílà náà léwu, kó sì ní kí onílé jẹ́ kí òun pa á. Ọ̀pọ̀ onífúláàtì bínú nígbà náà. Wọ́n ní ilé tuntun làwọn rà, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ba sílíǹgì àwọn jẹ́. Mo lóye ìbínú wọn, àmọ́ ẹni tó bo páìpù náà ló yẹ kí wọ́n bí í sí. Bí wọ́n bá fi ilé hàn mí, tí bọ́ílà wà láàárín ilé tí mi ò sì rí ihò kankan lókè, n kò ní sanwó títí ẹnìkan á fi ṣàlàyé fún mi.

Yìnyín náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Plymouth, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní oṣù kìíní ọdún 2005, ìjì yìnyín kó òjò dídì jọ sídìí ògiri ilé kan títí ó fi bo ẹnu ọ̀nà èéfín. Ọmọbìnrin ọdún méje ló bá a lọ. Òfin tó tẹ̀ lé e, tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà, mú kí aláàmù mónọ́ksáìdì di dandan nínú ilé ní ìpínlẹ̀ yẹn láti òpin oṣù kẹta ọdún 2006. Ohun mìíràn wà nínú ìlànà wọn tó wù mí ju aláàmù lọ: níbi tí ọ̀nà èéfín gáàsì bá gba ara ògiri jáde tí kò sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, wọ́n gbọ́dọ̀ kan àwo kan sára ògiri lókè rẹ̀ gan-an, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí ilẹ̀, tí wọ́n kọ sí i pé ọ̀nà èéfín gáàsì wà nísàlẹ̀ ibí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí i. Yìnyín lè bo páìpù, kò ní bo àwo. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín á mọ ibi tó máa kọ́kọ́ kó.

Ní ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì, gba ipò CORGI ní England, Scotland àti Wales ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2009. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́ílà gáàsì ẹlòmíràn. Káàdì rẹ̀ ní fọ́tò, nọ́ńbà àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ̀yìn káàdì ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe sí. Ẹni tó lè ṣe sítóòfù lè má lè ṣe bọ́ílà. Lánlọ́ọ̀dù, lábẹ́ òfin ààbò gáàsì ọdún 1998, gbọ́dọ̀ mú kí wọ́n yẹ bọ́ílà àti ọ̀nà èéfín rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kó sì fún ayálégbé ní ìwé àyẹ̀wò náà láàárín ọjọ́ 28. Ayálégbé tuntun gbọ́dọ̀ rí i gbà kó tó kó wọlé.

Láàárín àwọn ènìyàn wa, ibẹ̀ ni okùn ti ń já. Ìgbà tí jápa gbòde, ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ yá yàrá kan lọ́wọ́ ẹni tó yá gbogbo ilé lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Kò sí ìwé, kò sí rìsíìtì, ojú rere ni. Ọmọ tuntun á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ma, bọ́ílà yẹn ń dún, orí sì ń fọ́ mi láti àná." Àǹtí á ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn jàre, òtútù ló ń mú ọ, lọ wọ síwẹ́tà." Ta ni ọmọ náà máa wá fẹjọ́ sùn? Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lé e jáde. Bí bọ́ílà bá sì kú, wọ́n á pe bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó máa gba ìdajì owó. Bọ̀dá náà lè mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Ẹ ní kó fi ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ hàn yín.

Ó kan aláàmù, èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi fi í sẹ́yìn nítorí pé ìgbà tí ọ̀nà èéfín ti já kulẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Kò ní la ihò tó dí, kò ní so páìpù tó já. Síbẹ̀, ẹni tó sùn kò ní imú tó lè gbọ́ gáàsì yìí, nítorí náà, kí aláàmù wà. Èyí tó ní àmì EN 50291 ni kí ẹ rà. Kí ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú bọ́ílà, láàárín mítà kan sí mẹ́ta sí i, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó ní ọjọ́ orí tirẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, iná aláwọ̀ ewé lè ṣì máa tàn kó sì má lè gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Lórí aláàmù yìí, òfin kò dọ́gba. Ní Scotland, láti oṣù kejì ọdún 2022, gbogbo ilé tó bá ní bọ́ílà gáàsì ló gbọ́dọ̀ ní aláàmù mónọ́ksáìdì, ì báà jẹ́ ti ayálégbé tàbí ti ẹni tó ni ilé tó sì ń gbé inú rẹ̀. Ní England, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó di dandan fún lánlọ́ọ̀dù, àti lánlọ́ọ̀dù ìjọba, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé bọ́ílà tuntun wọlé. Ẹni tó ti san gbogbo gbèsè ilé rẹ̀ tán, tí bọ́ílà rẹ̀ ti ń jó láti ọdún pípẹ́, tí kò sì ní lánlọ́ọ̀dù tó máa rán ẹnjiníà sí i lọ́dọọdún, òfin kò bi í ní nǹkan kan. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, tí wọ́n ra ilé, tí àwọn ọmọ sì ti kó jáde, ọ̀pọ̀ wọn wà nínú àlàfo yẹn. N kò rí ìdí tí England kò fi lè ṣe bíi ti Scotland. Kí wọ́n tó ṣe é, ọmọ tó bá ń lọ kí bàbá rẹ̀ lè ra aláàmù kan lọ́nà. Kì í wọ́n tó owó ọkọ̀ ojú irin.